Òmíràn

Màmá mi ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ajárá.
Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti fi ń ka owó olówó,
kọ́bọ̀ kan ò ṣìnà rí lábẹ́ ìka rẹ̀.
Nítorí náà, nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì wa
pẹ̀lú eruku Sẹ̀mẹ̀ lára báàgì,
kò tíì béèrè bóyá mo jẹun.
Ó bu omi fún mi, ó na ọwọ́:
"Ìwé dà?"

Ìwé ẹlẹ́yìn pupa ni,
èyí tí a jọ fa ìlà sí kí n tó lọ.
Òun ló di rúlà mú, èmi di báírò.
"Sẹ̀nàmì, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní Abíjáàn
kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní Gbẹ̀rẹ̀fù.
Ìlú ńlá a máa jẹ owó bí ikán ṣe ń jẹ ìwé.
Ohun tí o ò bá kọ, ó ti lọ nìyẹn."

Mo kọ ọ́.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sefa lọ́sẹ̀,
owó aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí mo ń fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ nílé ìtura,
aṣọ funfun, aṣọ funfun,
títí ojú oorun mi pàápàá fi di funfun.
Yàrá: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, èmi àti Afíwà ọmọ Lómẹ̀ la jọ pín in,
ẹní tirẹ̀ lápá ògiri, ẹní tèmi lẹ́nu ọ̀nà.
Oúnjẹ: ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀.
Lọ́sẹ̀ kẹrin mo kọ "búrẹ́dì", mo pa á rẹ́,
mo kọ "gààrí tí mo gbé wá".
Fóònù: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.
Owó ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́: òdo. Ẹsẹ̀ ni.
Bàtà mi já lọ́sẹ̀ kẹfà, Afíwà fi okùn ìpẹja rán an.
Mi ò kọ ìyẹn. Ìlà wo là bá kọ ọ́ sí?

Màmá ń fi ìka tọ iye kọ̀ọ̀kan lọ
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Ó yọ owó ọkọ̀ àbọ̀ kúrò. Ó rò ó, ó tún un rò.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ló yẹ kó kù fún owó ilé ẹ̀kọ́.
Mẹ́rìnlélógójì ló wà nínú àpòòwé.
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà dà?"

Ó ti rí i kí n tó fọhùn.
Ọjọ́ Àìkú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo:
Òmíràn, ẹgbẹ̀ta.
Òmíràn, ẹgbẹ̀ta.
"Ta ló ń jẹ́ Òmíràn? Ṣé ọkùnrin ni?"

Kí ni kí n wí?
Pé ọ̀sà kan la ìlú yẹn láàrin,
pé ọkọ̀ ojú omi ń gba igba lálọ, igba lábọ̀,
pé mo ń ra ẹ̀pà igba, mo ń jókòó ti fèrèsé,
mi ò lọ síbì kankan?
Bí a bá gúnlẹ̀, àwọn tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ á sọ̀ kalẹ̀,
èmi á yí padà, máa san òmíràn.
Láàárín èbúté méjèèjì, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
afẹ́fẹ́ a gbé òórùn ẹja wá, ti koríko ojú omi, ti epo ẹ́ńjìnnì,
bí mo bá di ojú, Abíjáàn ò sí mọ́.
Gbẹ̀rẹ̀fù ló wà lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú àwọn igi àgbọn rẹ̀,
ẹ̀yin náà sì wà létí omi, Màmá,
ẹ ń ṣírò owó olówó.

"Omi ni," ni mo wí.
"Omi wo ló wọ́n tó báyìí?"
"Omi . . . ó ràn mí lọ́wọ́."

Kò rẹ́rìn-ín.
Akápò kì í rẹ́rìn-ín tí ìwé bá ṣì wà ní ṣíṣí.
Ó mú báírò pupa, ó dá a dúró sókè pẹ́.
Ọkọ̀ kan ń pariwo kọjá lójú ọ̀sà.
Ó wá fa ìlà sórí Òmíràn, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá,
ó kó gbogbo wọn lọ sábẹ́ Oúnjẹ.

"Lọ́dún tó ń bọ̀," ó ní,
"mọ iye rẹ̀ kí o tó lọ."